Láti orí lẹ́tà dé orí íntánẹ́ẹ̀tì: ìbéèrè tí wọ́n máa ń bi wá nípa jọ́nà ní Ṣómólú

Ilé ìtẹ̀wé kékeré ni tiwa, ní Ṣómólú, níbi tí ariwo ẹ̀rọ kì í dákẹ́ àfi bí iná bá lọ. Láti Akọ́kà, níbi tí Yunifásítì Èkó wà, ẹni bá wọ kẹ̀kẹ́ Márúwá ti dé ọ̀dọ̀ wa, ìdí nìyẹn tí àwọn olùkọ́ yunifásítì àti akẹ́kọ̀ọ́ wọn fi ń gbé jọ́nà wá pé ká bá wọn tò ó, ká sì bá wọn tẹ̀ ẹ́. Ó ti lé lógún ọdún tí mo ti wà nídìí iṣẹ́ yìí. Ìbéèrè kan náà ni wọ́n ń bi mí lórí bẹ́ǹṣì tó wà lẹ́nu ọ̀nà, ni mo bá ní kí n kó ìdáhùn wọn jọ síbì kan.

Kí ló ń jẹ́ jọ́nà gan-an? Ṣé kì í ṣe ìwé bíi ti yòókù ni?

Ìwé ni, àmọ́ ìwé tí kì í parí ni. Ó lè jáde lẹ́ẹ̀kan, lẹ́ẹ̀mejì tàbí lẹ́ẹ̀mẹrin lọ́dún. Onírúurú èèyàn ló kọ ohun tó wà nínú rẹ̀, olóòtú ló kó wọn jọ. Iṣẹ́ mẹ́rin ló ń ṣe. Ó ń kọ ọjọ́ tí ẹ mú iṣẹ́ yín wá sílẹ̀, kí ẹnikẹ́ni má baà sọ lọ́la pé òun ló kọ́kọ́ rí i. Ó ń jẹ́ kí àwọn tó mọ̀ nípa ọ̀rọ̀ náà yẹ iṣẹ́ náà wò. Ó ń kéde rẹ̀. Ó sì ń tọ́jú rẹ̀ de ẹni tí yóò wá a lógójì ọdún sí i. Ẹ fi mẹ́rẹ̀ẹ̀rin sọ́kàn, torí gbogbo wàhálà tí mo fẹ́ sọ, ọ̀kan nínú wọn ló ti bàjẹ́ níbẹ̀. Ní tèmi o, ìkẹrin là ń fọwọ́ yẹpẹrẹ mú jù.

Kí jọ́nà tó dé, báwo ni àwọn onímọ̀ ṣe ń bá ara wọn sọ̀rọ̀?

Lẹ́tà ni. Ẹni tó bá rí nǹkan tuntun á kọ̀wé sí ọ̀rẹ́ rẹ̀ nílùú míì, ọ̀rẹ́ á dà á kọ, á fi ránṣẹ́ síwájú. Ní ọjọ́ 5 oṣù Kìíní ọdún 1665, Denis de Sallo gbé Journal des sçavans jáde ní Párìsì. Nǹkan bí oṣù méjì lẹ́yìn rẹ̀, ní ọjọ́ 6 oṣù Kẹta, ni Henry Oldenburg gbé Philosophical Transactions jáde ní Lọ́ńdọ̀nù. Ọmọ Jámánì ni Oldenburg, òun sì ni akọ̀wé ẹgbẹ́ àwọn onímọ̀ tí wọ́n ń pè ní Royal Society. Lẹ́tà tó ń wọlé sí i láti gbogbo Yúróòpù ti pọ̀ ju ohun tí ọwọ́ lè dà kọ lọ, ló bá kó wọn fún atẹ̀wé. Jọ́nà náà ṣì ń jáde títí dòní.

Olè ló ń ba àwọn ará ìgbà yẹn lẹ́rù jù. Kódà nígbà tí jọ́nà ti dé, àṣà ìfipamọ́ kò tíì kúrò lára wọn. Robert Hooke ti mọ òfin tó de bí sípíríǹgì ṣe ń fà, kò sì fẹ́ kí ẹlòmíì gba iyì rẹ̀ mọ́ òun lọ́wọ́ kí òun tó ṣe tán. Lọ́dún 1676, ó tú gbólóhùn Látíìnì tó fi kọ òfin náà ká, ó to lẹ́tà ibẹ̀ láti c dé v, ó sì tẹ̀ ẹ́ jáde báyìí: ceiiinosssttuv. Ọdún 1678 ló tó wá tú u fáráyé: ut tensio, sic vis, ìyẹn ni pé bí ẹ bá ṣe fà á tó ni yóò ṣe gùn tó. Ọkùnrin yẹn fi ọjọ́ sórí ìmọ̀ rẹ̀, ṣùgbọ́n fún odidi ọdún méjì, ìmọ̀ náà ò ṣe ẹnikẹ́ni láǹfààní. Ohun tí jọ́nà wá ṣe ni pé ó so méjèèjì pọ̀: kéde rẹ̀ ná, kí orúkọ rẹ tó lè dúró lórí rẹ̀.

Ìgbà wo ni irú nǹkan báyìí dé ọ̀dọ̀ tiwa?

Ní ilẹ̀ Yorùbá, Abẹ́òkúta ni ìwé ìròyìn ti bẹ̀rẹ̀, nígbà tí Henry Townsend gbé Ìwé Ìròyìn jáde lọ́dún 1859. Ní Èkó níbí, Robert Campbell gbé The Anglo-African jáde lọ́dún 1863. Ìyẹn kì í ṣe jọ́nà, àmọ́ ibẹ̀ ni àwọn èèyàn wa ti rí i pé ohun tí ẹnu sọ lè di ohun tí ojú ń kà.

Ìtàn tí mo máa ń sọ fún ẹni tó bá gbé iṣẹ́ ọdún mẹ́ta wá fún mi lórí fláàṣì kan ṣoṣo ni ti Samuel Johnson. Àlùfáà ni, ó wà ní Ọ̀yọ́, ó fi ọ̀pọ̀ ọdún tẹ́tí sí àwọn arọ́kìn àti àwọn tó bá ogun jà. Ọdún 1897 ló parí ìwé ìtàn Yorùbá tó kọ. Lọ́dún 1899, ìwé àfọwọ́kọ náà lọ sọ́dọ̀ atẹ̀wé kan ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, bó ṣe di àwátì nìyẹn. Johnson kú ní 1901. Àbúrò rẹ̀, Dókítà Obadiah Johnson, ló kó àwọn ohun tó ṣẹ́ kù nínú àkọsílẹ̀ jọ, tó tún un kọ látìbẹ̀rẹ̀. Nígbà tó fi ránṣẹ́ ní oṣù Kìíní 1916, ogun àgbáyé ti bẹ́, ọkọ̀ òkun Jámánì mú ọkọ̀ Appam tí ìwé náà wà nínú rẹ̀, wọ́n sì wà á gba Amẹ́ríkà lọ. Ọdún 1918 ni ìwé tó dé Lọ́ńdọ̀nù. Obadiah fúnra rẹ̀ kú ní 1920. Lọ́dún 1921 ni ilé ìtàwé CMS ní Èkó wá gbé e jáde. Ẹ ka iye ọdún tó wà láàárín 1897 sí 1921. Gbogbo ohun tí a mọ̀ nínú ìwé yẹn, díẹ̀ ló kù kó ṣègbé, torí ẹ̀dà kan ṣoṣo tó wọ ọkọ̀ òkun.

Ta ló ń yẹ iṣẹ́ wa wò? Ṣé wọ́n ń sanwó fún wọn ni?

Àwọn ẹlẹgbẹ́ yín ni. Olóòtú á sábà yọ orúkọ yín kúrò lórí iṣẹ́ náà, á fi ránṣẹ́ sí èèyàn méjì tàbí mẹ́ta tó mọ̀ nípa rẹ̀, wọ́n á kà á, wọ́n á kọ èsì. Níbi púpọ̀, kọ́bọ̀ ò kàn wọ́n níbẹ̀.

Ọ̀pọ̀ ló rò pé láti ayé Oldenburg ni wọ́n ti ń ṣe bẹ́ẹ̀. Rárá o. Ọdún 1832 ni Royal Society bẹ̀rẹ̀ sí í gba èsì tí ayẹ̀wéwò kọ sílẹ̀, jọ́nà ńlá bíi Nature pàápàá kò sì sọ ọ́ di dandan títí di 1973. Lọ́dún 1936, Albert Einstein fi àpilẹ̀kọ kan ránṣẹ́ sí Physical Review ní Amẹ́ríkà. Olóòtú fi han ẹlòmíì, ẹni náà sì tọ́ka sí àṣìṣe níbẹ̀. Inú bí Einstein. Ó ní òun ò sọ pé kí wọ́n fi iṣẹ́ òun han ẹnikẹ́ni kí wọ́n tó tẹ̀ ẹ́, ó sì gbà á padà. Nígbà tó yá, òun náà rí i pé iṣẹ́ náà ní àlèébù, ó tún un ṣe kó tó jáde níbòmíì. Ọgbọ́n ọlọ́gbọ́n ni kì í jẹ́ ká pe àgbà ní wèrè.

Olùkọ́ kan wá bá mi lọ́dún kan, inú ń bí i, ó ju èsì ayẹ̀wéwò sórí tábìlì mi. Mo ní, “Ẹ jókòó ná, Dọ́kítà.” A jọ kà á. Ní ẹ̀gbẹ́ tábìlì kejì nínú iṣẹ́ náà, ẹnìkan ti fi pẹ́ńsù kọ ọ́ wínníwínní pé: “Àpapọ̀ yìí kò pé.” A fi fóònù ṣírò rẹ̀: èèyàn 100 ló ní òun fọ̀rọ̀ wá lẹ́nu wò, 97 ló wà nínú tábìlì. Ó dákẹ́ fún ìgbà díẹ̀, ó mú bírò. Àwọn mẹ́ta tó kù wà nínú ìwé rẹ̀ nílé, ó kàn gbàgbé láti kà wọ́n mọ́ ọn ni.

Kí ló dé tí ilé ìkàwé wa ò fi ní jọ́nà tuntun?

Owó ni. Lẹ́yìn ogun àgbáyé kejì, iṣẹ́ ìwádìí pọ̀ lójijì, àwọn oníṣòwò sì rí i pé ọjà wà níbẹ̀. Robert Maxwell gba ilé iṣẹ́ ìtẹ̀wé kan ní 1951, ó sọ ọ́ ní Pergamon Press, ó ń dá jọ́nà sílẹ̀ lọ́tùn-ún lósì, nígbà tó sì di 1991, ó tà á fún Elsevier, atẹ̀wé jọ́nà ńlá kan. Ohun tó mú kí òwò náà dùn ni pé jọ́nà kan ò lè dípò òmíràn. Bí ìrẹsì bá wọ́n, èèyàn á ra gàrí. Àmọ́ bí àpilẹ̀kọ tí dókítà nílò bá wà nínú jọ́nà kan, ibẹ̀ nìkan ló wà. Yunifásítì ń sanwó oṣù fún ẹni tó kọ ọ́, ó ń sanwó oṣù fún ẹni tó yẹ̀ ẹ́ wò, ó sì tún ń san owó gọbọi kó tó lè kà á. Ó dà bí ìyá tó gbin ẹ̀fọ́ sẹ́yìnkùlé ara rẹ̀, tí ó wá ń san owó ìwọlé sí ẹ̀yìnkùlé náà.

Ní ti àwa, ọ̀rọ̀ náà burú sí i lẹ́yìn 1986, nígbà tí náírà já lulẹ̀. Dọ́là ni wọ́n fi ń ra jọ́nà. Mo ti wọ ilé ìkàwé kan tí ìdìpọ̀ jọ́nà òkèèrè tò lọ rẹrẹẹrẹ lórí pẹpẹ, ọdún tẹ̀lé ọdún, tó sì dáwọ́ dúró lójijì. Eruku ló gba ibi tó kù. Àwọn tó ń kọ́ṣẹ́ nígbà yẹn ń ka ohun tí ayé ti kà kọjá.

Báwo lẹ ṣe ń tẹ jọ́nà tẹ́lẹ̀?

Nígbà tí mo dé ibí, olùkọ́ á gbé iṣẹ́ wá lórí dísíìkì, a ó tò ó, a ó tẹ prúùfù, á fi bírò pupa kun ún, a ó tún un ṣe. Lẹ́yìn náà la ó gbé e lọ yọ fíìmù, a ó fi fíìmù sun pléètì, ìyẹn irin pẹlẹbẹ tí ẹ̀rọ fi ń tẹ̀wé, pléètì á wọ ẹ̀rọ. Àwọn obìnrin tó ń ká ìwé á jókòó yí tábìlì gbọọrọ ká, ọwọ́ wọn á máa yá bí ọwọ́ ẹni tó ń ṣa ẹ̀wà. Ẹ̀dà 500 ni wọ́n sábà máa ń ní ká tẹ̀, torí iye owó kan náà ni pléètì, ì báà jẹ́ 100 lẹ fẹ́.

Ibi tó ń dùn mí nìyí. Bí mo bá lọ gba owó tó kù, páálí jọ́nà tí a tẹ̀ lọ́dún tó kọjá ṣì wà lábẹ́ fèrèsé ọ́fíìsì wọn, okùn tí èmi fúnra mi fi dì í ṣì wà lára rẹ̀. Àwọn tó kọ̀wé síbẹ̀ ti gba ẹ̀dà tiwọn fún ìgbéga lẹ́nu iṣẹ́, ó parí síbẹ̀. Iṣẹ́ dáadáa wà nínú páálí yẹn o: ìwádìí nípa odò, nípa oúnjẹ ọmọdé, nípa èdè. Ẹni tó wà ní Ìlọrin tó nílò rẹ̀ ò lè mọ̀ láéláé pé ó wà.

Kí ni íntánẹ́ẹ̀tì wá yí padà?

Ó gba iṣẹ́ ìkéde kúrò lọ́wọ́ pépà. Paul Ginsparg bẹ̀rẹ̀ arXiv ní Amẹ́ríkà lọ́dún 1991, àwọn onífísíìsì ń gbé àpilẹ̀kọ wọn síbẹ̀ kí jọ́nà tó tẹ̀ ẹ́. Ní ti Áfíríkà, African Journals Online, ojú òpó tó ń kó jọ́nà ilẹ̀ Áfíríkà jọ, tí gbogbo ayé ń pè ní AJOL, bẹ̀rẹ̀ ní 1998, Gúúsù Áfíríkà ni ibùjókòó rẹ̀. Ọ̀pọ̀ jọ́nà Nàìjíríà wà lórí rẹ̀. Bí olóòtú bá bi mí léèrè ohun kan ṣoṣo tó yẹ kóun ṣe lọ́dún yìí, pé kó gbé jọ́nà rẹ̀ síbẹ̀ ni mo máa ń sọ.

Nọ́ńbà DOI, ìyẹn nọ́ńbà ìdánimọ̀ tí àpilẹ̀kọ kọ̀ọ̀kan ń ní lórí íntánẹ́ẹ̀tì, náà wúlò púpọ̀. Láti 2000 ni Crossref, ẹgbẹ́ àwọn atẹ̀wé, ti ń fi í fún àpilẹ̀kọ. Bí ojú òpó bá kó kúrò níbì kan lọ síbòmíì, nọ́ńbà náà ò yí padà, olóòtú ló máa lọ sọ ibi tí iṣẹ́ náà kó lọ. Bí olóòtú ò bá lọ sọ, nọ́ńbà náà ò lè gbà yín.

ORCID wá ńkọ́, tó dé ní 2012? Nọ́ńbà ìdánimọ̀ tí àmì inú rẹ̀ jẹ́ 16 ni, ti òǹkọ̀wé fúnra rẹ̀, ọ̀fẹ́ sì ni. Àwa Yorùbá nílò rẹ̀ ju ọ̀pọ̀ lọ. Ẹ wo iye Adébáyọ̀ A. O. tó wà ní Èkó nìkan! Obìnrin á kọ̀wé lórúkọ bàbá rẹ̀, á lọ sílé ọkọ, á máa kọ ọ́ lórúkọ míì. Òmíràn á kọ orúkọ rẹ̀ pẹ̀lú àmì ohùn lọ́dún yìí, á kọ ọ́ láìsí àmì lọ́dún tó ń bọ̀, kọ̀ǹpútà á sọ ọ́ di èèyàn méjì. Nọ́ńbà yẹn ló máa kó iṣẹ́ rẹ̀ pọ̀ sábẹ́ orí kan.

Wọ́n ní ọ̀fẹ́ ni kíkà báyìí. Ta wá ni ó ń sanwó?

Ọdún 2002 ni àwọn tó pàdé ní Budapest, ní orílẹ̀-èdè Họ́ńgárì, kéde pé kí iṣẹ́ ìwádìí wà lófẹ̀ẹ́ fún ẹni tó bá fẹ́ kà á lórí íntánẹ́ẹ̀tì. Ọ̀rọ̀ tó dáa ni. Ṣùgbọ́n ọ̀pọ̀ atẹ̀wé gbé owó náà kúrò lọ́rùn òǹkàwé, wọ́n gbé e kọ́ òǹkọ̀wé lọ́rùn. Nígbà tí Nature bẹ̀rẹ̀ ọ̀nà yìí ní 2021, ẹni tó bá fẹ́ kí àpilẹ̀kọ òun wà lófẹ̀ẹ́ níbẹ̀ ní láti san 9,500 owó yúró. Ẹ ṣírò ìyẹn sí náírà, kí ẹ fi wé owó oṣù olùkọ́. Tẹ́lẹ̀, a ò lè kà; nísinsìnyí, a lè kà, a ò lè kọ.

Ọ̀nà míì wà o. Ní Brazil, SciELO, ojú òpó tó kó jọ́nà ọ̀fẹ́ jọ, ti wà láti 1997, owó ìjọba ló gbé e dúró, ọ̀pọ̀ jọ́nà inú rẹ̀ kì í sì í gbówó gọbọi lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni. Èmi gbà pé ohun tó yẹ ká máa béèrè fún nílẹ̀ yìí nìyẹn. Kó tó di ìgbà náà, kí ẹ tó fi iṣẹ́ ránṣẹ́, ẹ kọ ímeèlì sí olóòtú, ẹ béèrè bóyá wọ́n ń dín owó kù fún àwọn tó wá láti Nàìjíríà. Abéèrè kì í ṣìnà.

Báwo la ṣe lè dá jọ́nà oníjìbìtì mọ̀?

Akẹ́kọ̀ọ́ kan wá sí ṣọ́ọ̀bù wa, ó fẹ́ ká tẹ àpilẹ̀kọ rẹ̀ nípa omi kànga ní Bàríga. Ọjọ́ mẹ́ta péré ni jọ́nà òkèèrè kan fi gbà á, wọ́n kí i kú oríire, wọ́n ní kó san owó, ó yá lára owó náà. Kò tó ọdún méjì tí ojú òpó wọn fi kú. A wá a lórí Google títí, kò sí níbìkankan. Orí fóònù rẹ̀ nìkan ni PDF náà wà. Jọ́nà gidi tó tún fẹ́ fún ní iṣẹ́ náà sì kọ̀ ọ́, wọ́n ní ó ti jáde níbòmíì. Ó wò mí, ó ní, “Bọ̀ọ̀dá, ṣé bí mo ṣe pàdánù rẹ̀ nìyẹn?” Mi ò rí ìdáhùn kankan fún un lọ́jọ́ náà.

Kì í ṣe àwa nìkan ni wọ́n ń lù ní jìbìtì. Lọ́dún 2013, oníròyìn kan, John Bohannon, kọ àpilẹ̀kọ ayédèrú nípa oògùn jẹjẹrẹ, ó mọ̀ọ́mọ̀ fi àṣìṣe tó hàn gbangba sínú rẹ̀, ó fi ránṣẹ́ sí jọ́nà 304 tó ń gbówó lọ́wọ́ òǹkọ̀wé. Àwọn 157 gbà á wọlé.

Igi gaǹgànran má gùn mí lójú, òkèèrè la ti ń wò ó. Ẹ ka àpilẹ̀kọ mẹ́ta nínú jọ́nà náà kí ẹ tó ronú nípa owó rárá. Ẹ wo orúkọ àwọn olóòtú, ẹ kọ̀wé sí ọ̀kan nínú wọn níbi iṣẹ́ rẹ̀ gan-an, torí àwọn oníjìbìtì máa ń kọ orúkọ ẹni tí kò mọ̀ nípa rẹ̀ síbẹ̀. Ẹ wò ó bóyá ó wà lórí DOAJ, àkójọ jọ́nà ọ̀fẹ́ tó ti wà láti 2003. Bí wọ́n bá gba iṣẹ́ yín láàárín ọ̀sẹ̀ kan, tí wọn ò sì ní ìbéèrè kankan, kò sẹ́ni tó kà á. Ẹ sì bi òṣìṣẹ́ ilé ìkàwé yín. Wọ́n mọ nǹkan, a kì í kàn bi wọ́n ni.

Ọ̀gá wa ní dandan ni kó jẹ́ jọ́nà tó ní impact factor. Kí nìyẹn?

Ìṣirò kékeré ni. Bí jọ́nà kan bá tẹ àpilẹ̀kọ 40 ní 2022 àti 2023, tí wọ́n sì tọ́ka sí wọn nígbà 80 ní 2024, ẹ pín 80 sí ọ̀nà 40, ó di 2. Eugene Garfield ló mú un wá láti fi yan jọ́nà. Jọ́nà ló ń wọ̀n, kì í ṣe iṣẹ́ yín.

Ṣé ó dáa kéèyàn gbé iṣẹ́ síta kí wọ́n tó yẹ̀ ẹ́ wò?

Nígbà míì, ó lè gba ẹ̀mí là. Ọjọ́ 27 oṣù Kejì 2020 ni wọ́n rí ẹni àkọ́kọ́ tó ní kòrónà ní Nàìjíríà, Yábàá níbí ni wọ́n ti tọ́jú rẹ̀. Kò pé ọ̀sẹ̀ méjì tí àwọn onímọ̀ ní Redeemer's University ní Ẹdẹ àti àwọn alábàáṣiṣẹ́ wọn fi ka àkọsílẹ̀ ìran kòkòrò náà tán, tí wọ́n gbé e síta lófẹ̀ẹ́ fún gbogbo ayé. Bí wọ́n bá ní kí wọ́n dúró de jọ́nà, oṣù mélòó ni ì bá gbà? Ṣùgbọ́n ẹ kọ ọ́ sókè gàdàgbà pé ẹnikẹ́ni ò tíì yẹ̀ ẹ́ wò.

Ṣé a lè kọ iṣẹ́ ìmọ̀ ní èdè Yorùbá?

Wọ́n ti ń kọ ọ́ tipẹ́. Láàńgbàsà, jọ́nà iṣẹ́ akadá ní èdè Yorùbá, Yunifásítì Èkó ló ti ń jáde. Lọ́dún 1984, wọ́n gbé ìwé èdè-ìperí Yorùbá tí Ọ̀jọ̀gbọ́n Ayọ̀ Bámgbóṣé ṣe olóòtú rẹ̀ jáde, kí onímọ̀ lè rí ọ̀rọ̀ lò. Ẹ̀bẹ̀ kan ni mo ní: ẹ fi lẹ́tà tó ní àmì ohùn àti àmì ìsàlẹ̀ tó pé pérépéré ránṣẹ́, ẹ fi PDF tì í. Mo ti rí iṣẹ́ tí gbogbo ṣ inú rẹ̀ di àpótí kékeré òfìfo nígbà tó dé orí kọ̀ǹpútà wa.

Ṣé ẹ ṣì ń tẹ̀ ẹ́ sórí pépà?

A ṣì ń tẹ̀ ẹ́, àmọ́ 50 tàbí 100 la sábà ń tẹ̀ báyìí, ẹ̀rọ tuntun ò nílò pléètì. Ọ̀dọ̀ National Library lẹ ti máa gba ISSN, ìyẹn nọ́ńbà ìdánimọ̀ jọ́nà, kí ẹ tó gbé e wá, ká lè tẹ̀ ẹ́ sára èèpo ẹ̀yìn. Òfin sì ní kí ẹni tó bá tẹ̀wé jáde kó ẹ̀dà mẹ́ta lọ fún wọn láàárín oṣù kan, lówó ara rẹ̀. Ọ̀pọ̀ olóòtú máa ń gbàgbé. Nítorí náà, kí a tó di páálí, a máa ń kọ́kọ́ yọ mẹ́ta sọ́tọ̀, a ó fi okùn dì í, a ó kọ “Ilé Ìkàwé Orílẹ̀-èdè” sí i lára, a ó sì gbé e sórí páálí níbi tí ẹ ò ti ní lè ṣí i láì kọ́kọ́ gbé e kúrò.